Àwo Orí Òrùlé Ọ̀gbẹ́ni Adégòróyè

Aláwo ni wọ́n ń pè mí láti Ìsìnkàn dé Ọba-Ilé.
Kì í ṣe àwo ọbẹ̀ o.
Àwo tó ń kọjú sí ọ̀run bí ẹni ń retí èsì,
èmi ni mo de púpọ̀ nínú wọn mọ́ páànù ìlú yìí
nígbà tí àkàbà ò tíì máa bá orúnkún mi jà.

Lọ́dún yìí, ìtú ni wọ́n ń pè mí sí.
"Aláwo, wá tú u. Ọmọ ti fi igi ránṣẹ́."
Igi! Ohun tí kò gùn tó ìka àárín mi,
tí wọ́n ń tì bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n
bí ẹni ń fi òwú dí etí.

Láàárọ̀ Sátidé mo dé Òkè-Ìjẹ̀bú.
Màmá Adégòróyè jókòó síwájú àpótí méjì:
dẹ́kódà tí eruku ti sọ di eléérú,
àti páálí tuntun tí Ìgbẹ́kẹ̀lé fi ránṣẹ́ láti Mánṣẹ́sítà.
"Bá mi ṣírò ẹ̀. Tíṣà ìṣirò ni mí rí,
ṣùgbọ́n èyí ń yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́."

Mo ya ìwé sí méjì.
Dẹ́kódà: owó oṣù,
tí wọ́n ti fi kún lẹ́ẹ̀mejì kí iṣu tuntun tó jáde.
Bí òjò bá ṣú lápá Ìdánrè, àwòrán a fọ́ wẹ́wẹ́ bí gàrí.
Ọgọ́ta ìkànnì, mẹ́ta ni màmá ń wò.
Igi: kò béèrè owó oṣù,
ṣùgbọ́n dátà ni oúnjẹ rẹ̀, kì í sì í yó.
Fíìmù kan péré, ó ti gbé gígì mẹ́ta mì.
Nẹ́tíwọ́ọ̀kì a máa yípo, a máa yípo,
bí ajá tó ń wá ibi tí yóò dùbúlẹ̀ sí.
Bí iná bá sì lọ, àwọn méjèèjì di ọmọ ìyá kan náà.

"Igi ló dín owó kù," ni mo wí,
mo sì mọ̀ pé ẹnu mi ni mo fi pa iṣẹ́ mi.
Màmá mi orí. "Ó dáa. Gùn ún."

Páànù ti dípẹtà. Ológoṣẹ́ ti kó koríko sẹ́yìn àwo.
Láti òkè ibẹ̀ mo rí Àkúrẹ́ bí iṣẹ́ ọwọ́ mi:
àwo, àwo, àwo, gbogbo wọn kọjú síbì kan náà,
bí ìjọ tí pásítọ̀ ti bá tirẹ̀ lọ.
Mo fi sípánà kan bóòtù àkọ́kọ́.

Ìgbà náà ni fóònù ké nísàlẹ̀,
fóònù àtijọ́ onítọ́ọ̀ṣì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì.
Màmá kà á sókè, ohùn tíṣà:
"Ẹ ǹlẹ́ o, Ọ̀gbẹ́ni Adégòróyè. Owó yín yóò tán lọ́jọ́ Ajé.
Ẹ má ṣe jẹ́ kí a pàdánù yín."

Ó di ọdún mẹ́ta tí a ti sin Ọ̀gbẹ́ni Adégòróyè.
Mo wà níbẹ̀. Mo jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù.

"Aláwo, ìjọ ti yọ orúkọ ẹ̀.
Báńkì ti pa àkáǹtì.
Owó ìfẹ̀yìntì ẹ̀ tilẹ̀ dúró kí òun alára tó tutù.
Àwọn wọ̀nyí nìkan ló ṣì ń kí i lóṣooṣù."

Mi ò mọ ohun tí à ń fèsì síyẹn.
Mo wo ológoṣẹ́. Ológoṣẹ́ wò mí.
"Ṣé kí n tú u, mà?"
Ọ̀kadà mẹ́ta kọjá kó tó dáhùn.
"Mú un le. Ó ti ń mì."

Mo mú un le.
Mo ti igi náà bọ tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú, nítorí Ìgbẹ́kẹ̀lé;
ó ń tàn bí ojú ológbò,
kò sẹ́ni tó béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀.
Màmá san owó ìtú fún mi.
Mo ní n kò tú nǹkan kan.
Ó ní kí n gbà á, pé ìṣirò náà ti yé òun.

Lálẹ́, àwọn ọmọ mi mẹ́ta wà ní igun mẹ́ta,
fóònù mẹ́ta, ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta lójú wọn.
Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wò.
Gbogbo wọn ti fi nǹkan dí etí.
Òjò bẹ̀rẹ̀ lórí páànù.
Mo ronú kan Òkè-Ìjẹ̀bú,
níbi tí àwòrán yóò ti máa fọ́ wẹ́wẹ́ báyìí,
tí àwo ò sì ní mì.